Èèpo Igi Tíṣà Ilésanmí

Ẹ ti máa fura pé ẹni tó bá ń pe igi ẹ̀yìnkùlé ní orúkọ Látìn, kì í ṣe igi ló ń wò, ara rẹ̀ ni. Ẹ ò ṣì í. Tíṣà Ilésanmí, ọmọ Èkìtì tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ni ní báyọ́lọ́jì kó tó fẹ̀yìn tì sí Ìgandò, ti kéde fún gbogbo àdúgbò pé yukalípítọ́ọ̀sì ẹ̀yìn kíṣìnì òun kò ní ìkejì láyé.

Ibi tí igi náà dúró sí gan-an ni àwọn onílé fẹ́ gbé tiransifọ́mà sí. Tíṣà ní kí wọ́n dúró ná, òun ti kọ̀wé sí yunifásítì. Bí wọ́n bá gbà pé igi náà ṣọ̀wọ́n, yóò wà níbẹ̀, orúkọ Ilésanmí ni wọn yóò sì máa pè é nínú ìwé. Bí wọn ò bá gbà, Zacchaeus, alága àwọn onílé, yóò gé e lọ́jọ́ Sátidé. Tíṣà ti ń fi bíírò dán orúkọ náà wò sẹ́yìn kàlẹ́ńdà.

Dókítà Mardiyah dé láti yunifásítì lọ́jọ́ Tọ́sìdeé. Ó já ewé kan, ó rún un, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ewé gígùn bí ọ̀bẹ, òórùn róòbù, òdòdó tó dé fìlà. Bàbá, irú ẹ̀ pọ̀ lẹ́bàá títì."

Tíṣà rẹ́rìn-ín bí ẹni ń forí ji olódo. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ewé lẹ mọ̀. Ẹ wo èèpo. Lókè, ó rí ṣákiṣàki. Nísàlẹ̀, ó ń dán, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ìwé wo lẹ ti rí i rí?"

"Mi ò rí i rí, sà."

Tíṣà yíjú sí Zacchaeus alága, tó tẹ̀lé àlejò wá. "Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Tíṣà. Iná ni mi ò rí."

Mardiyah ń fi ìka tọ etí ibi tó ń dán náà. Kò ga ju ibi tí ọwọ́ èèyàn kúkurú lè dé.

"Ta ló ń bó o?"

"Bó kẹ̀? Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn jàre."

Cecilia ìyàwó Tíṣà yọjú láti kíṣìnì, ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó kí àlejò.

"Èmi ni, Dókítà. Àgbo ibà tí Bàbá Pẹ̀lúmi, ọkọ mi yìí, ń mu ni mo ń fi èèpo ẹ̀ sè. Ọdún kẹfà rèé."