Ṣíbí Kan Péré

2.
…ni wọ́n ṣe ń pè é ní Eyín-Àpáta. Eyín ẹ̀rọ ìlukúta tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ sun nínú iléru, bó o bá fi dá ihò sí òkè, òkè á bẹ̀bẹ̀, á kó lọ sílùú míì.

3. OHUN TÓ WÀ NÍNÚ EYÍN
Lúbúlúbú irin líle: púpọ̀.
Kóbáàtì, tó ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí àtè: díẹ̀.
Iyẹ̀pẹ̀ ọ̀wọ́n, kí eyín má baà tètè kán: ṣíbí kan.
Bí iyẹ̀pẹ̀ ọ̀wọ́n bá pọ̀ jù: eyín arúgbó, ó kan òkúta, ó fọ́.

4. ÌKÉDE LÁRA ILẸ̀KÙN
A KÍ Ọ̀GÁ ILÉRU WA TUNTUN, ẸNI TÓ KỌ́KỌ́ RONÚ KAN IYẸ̀PẸ̀ Ọ̀WỌ́N.

Ẹ̀gbọ́n Eyín-Àpáta ni wọ́n ń kí. Bàbá kan, ìyá kan. Ẹni tí kò dá iyẹ̀pẹ̀ ọ̀wọ́n mọ̀ yàtọ̀ sí pàúdà ọmọ ọwọ́!

5.
Eyín-Àpáta rẹ́rìn-ín títí páànù òrùlé fi ṣí. Ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú.

6. LẸ́NU ILÉRU
Ẹ̀GBỌ́N: Àbúrò mi, àwọn oníbàárà ń bọ̀. Èmi fúnra mi ni màá po eyín tá a máa fi hàn wọ́n. Báwo lo ṣe ń wọn iyẹ̀pẹ̀ yẹn?
EYÍN-ÀPÁTA: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ronú kàn án?
Ẹ̀GBỌ́N: Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀ jàre.
EYÍN-ÀPÁTA: Ṣíbí kan péré, ẹ̀gbọ́n mi. Kò gbọdọ̀ dín.

7.
Kò purọ́.

8.
Ṣíbí tirẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀: èyí tí ìyá wọn fi ń ro oògùn ikọ́ sí i lẹ́nu ní kékeré. Èyí tó fi sílẹ̀ lórí tábìlì fún ẹ̀gbọ́n, ṣíbí ìbu-ọbẹ̀ ni. Èèyàn lè fi tukọ̀ sọdá òkun.

9. ÀTẸ̀JÍṢẸ́ EYÍN-ÀPÁTA
Màmá, ẹ wá o. Iwájú ni kẹ́ ẹ jókòó sí. Ẹ máa rí ẹ̀tẹ́ tó wọ kóòtù.

11. ỌJỌ́ NÁÀ
Ẹ̀GBỌ́N (sáwọn oníbàárà): Àbúrò mi ló máa fi eyín tí mo pò lu òkúta yìí.
EYÍN-ÀPÁTA: Èmi kẹ̀?
Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ kẹ̀. Tẹ̀ síwájú. Gbé ojú sún mọ́ ọn dáadáa.
MÀMÁ: Ẹ rọra o! Ọmọ mi ni ẹ̀yin méjèèjì.

12.
Eyín tó bá fọ́ kì í béèrè ta lò ń gbẹ̀san lára ẹ̀. Ojú ló ń wá.

13. LẸ́TÍ RẸ̀
Ẹ̀GBỌ́N: Ṣíbí kan ni mo fi sí i, bó o ṣe wí. Àbí kò rí bẹ́ẹ̀?
EYÍN-ÀPÁTA (ó fọwọ́ bo àpò rẹ̀).



14.
Ẹ̀rọ ti ń kùn. Ṣíbí oògùn ikọ́ ń gbọ̀n nínú àpò, bí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́.