Erin Tí Kì í Dùbúlẹ̀

Latif wúkọ́, erin sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè.

Kò sẹ́ni tó ní kó gbé e. Ìdí ọgbà irin ni ọkùnrin náà dúró sí, ó fi ìborùn wé ọrùn títí dé etí nítorí òtútù, kùrukùru òwúrọ̀ ṣì bo oko ìrèké tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò tíì sọ gbólóhùn kan. Ikọ́ lásán ló wú, ikọ́ tó ti ń bá a fínra látìgbà èwe. Ṣùgbọ́n Chameli, erin náà, gbé ẹsẹ̀, ó ká ọwọ́jà rẹ̀ sókè kan iwájú orí, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ bí ìgbà tí ẹgbẹ̀rún èèyàn fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹsẹ̀ òsì tí egbò ti jẹ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ló wá gbé gbogbo ìwúwo ara lé. Ẹsẹ̀ náà ń gbọ̀n.

"Ṣé ẹ rí i, Dókítà?" Latif rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ń kí mi ni. Bó ṣe máa ń kí mi láràárọ̀ nìyẹn."

Dókítà Sunanda kò rẹ́rìn-ín. Latif lè bí i lọ́mọ dáadáa, ṣùgbọ́n òun ni olórí ibùdó náà, níbi tí wọ́n ń kó àwọn erin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sákọ́ọ̀sì wá, kí wọ́n lè fi ìyókù ọjọ́ ayé wọn sinmi. Ẹsẹ̀ òsì yẹn ló tẹjú mọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ mú dání sẹ́yìn?"

Latif mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wá síwájú. Òfìfo ni. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun gbé e sẹ́yìn tẹ́lẹ̀. Bí ọwọ́ náà ti yọ, Chameli fà sẹ́yìn díẹ̀, ó sì tún gbé ẹsẹ̀ ga sí i.

"Látìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ wa, kò dùbúlẹ̀ rí," ni Dókítà wí. "Gbogbo òògùn tí mo ń fi sí egbò yẹn, òfo ni bí kò bá gbé ara kúrò lórí ẹsẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ yẹn máa pa á, Bàbá."

"Chameli kì í dùbúlẹ̀ ní tiẹ̀. Òòró ló ń sùn. Ó lé lógún ọdún tá a ti jọ wà, mi ò rí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nílẹ̀ rí."

"Àwọn tó kù ń dùbúlẹ̀ sórí òkìtì iyanrìn."

"Àwọn yẹn, ọ̀lẹ ni wọ́n."

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mo fẹ́ bẹ̀ yín ní nǹkan kan. Lónìí nìkan, ẹ má jẹ́ kó rí yín, ẹ má jẹ́ kó gbọ́ ohùn yín. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí kò sóhun tó yàtọ̀, màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, ẹ máa padà sọ́dọ̀ ẹ̀, mi ò sì ní dá irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ mọ́."

"Tó bá wá yàtọ̀ ńkọ́?"

Dókítà yí ojú kúrò lára rẹ̀. Erin ló ń wò.

Latif yí padà, ó forí lé ilé ìdáná, ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n gbá létí láìṣẹ̀ ló ń rìn. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Nígbà tí ìjọba gba àwọn erin lọ́wọ́ sákọ́ọ̀sì, tí wọ́n gbé ọkọ̀ ńlá wá kó wọn, gbogbo wọn wọlé, àfi Chameli. Wọ́n tì í, wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàn án, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ́ ṣú. Latif ló kọ́kọ́ gòkè sínú ọkọ̀, kí Chameli tó tẹ̀ lé e wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà á síṣẹ́ níbí. Ta ni ẹranko ń tẹ̀ lé wọ inú òkùnkùn bí kì í bá ṣe ẹni tó fẹ́ràn? Ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn, síbẹ̀ ìdáhùn náà kò wọ̀ ọ́ lára bó ṣe máa ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Bhagwanti ń ro ìrẹsì àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́ nínú ìkòkò tí ọmọdé lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Òun ló ń se oúnjẹ àwọn erin tí eyín wọn kò lágbára mọ́. Opó ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi bí ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, ọkọ Chameli. Mo gbọ́ pé ìyàwó ti lé yín síta."

"Ta ló lé mi? Mo wá sinmi ni."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá sinmi, ẹ gba ọmọ orógùn yìí."

Ó gbà á. Èéfín igi gbá a lójú, ikọ́ sì gbé e. Kíá ni Bhagwanti fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, ọwọ́ tó ń rùn fún àtalẹ̀.

"Ẹ má wúkọ́ síbí, ẹ̀gbọ́n. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi. Ó ní ikọ́ yín ló ń mú un gbé ẹsẹ̀."

"Ikọ́ mi?" Latif yọ ẹnu lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ṣé ikọ́ ń pàṣẹ ni? Mi ò kọ́ ọ nírú ẹ̀ rí. 'Gbé e' ni mo máa ń wí. 'Gbé e, ọmọ mi.' Ẹnu ni mo fi ń wí i."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Èmi ìrẹsì ni mo mọ̀."

Latif ń ro ó, ìrẹsì ń hó, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Lábẹ́ àgọ́ sákọ́ọ̀sì, eruku igi lílọ̀ ni wọ́n ń dà sílẹ̀ ojú agbo, eruku náà a sì máa dì í lọ́fun. Bí ọ̀gá bá ti mi orí sí i láti ẹ̀gbẹ́ kan pé ó yá, yóò kọ́kọ́ wúkọ́ kí ọ̀nà ọ̀fun lè là. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ni ìwọ̀ irin tí wọ́n fi ń gún erin, èyí tó ń fi pa mọ́ sẹ́yìn, yóò yọ, bí ọ̀rọ̀ kò bá tètè wọlé. Ikọ́, ọ̀rọ̀, irin. Òun kò ka ikọ́ mọ́ ọn rí. Àbí erin ló kà á?

"Kò ní jẹun," ó sọ lójijì. "Kò lè jẹun bí mi ò bá sí níbẹ̀. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kó tó fẹnu kàn án."

"Ẹ̀yin lẹ ń tọ́ oúnjẹ erin wò? Abájọ tí ẹ ò fi tíì fẹ́yàwó míì. Ta ló fẹ́ máa se ìkòkò báyìí lójúmọ́?"

Ó bu oúnjẹ sínú abọ́ ńlá, ó gbé e lé orí, ó sì jáde. Latif dúró tì ìkòkò, ó ń retí kí abọ́ náà padà wálé bó ṣe lọ. Nígbà tí Bhagwanti dé, òfìfo ni abọ́, a fẹ́ẹ̀ lè sọ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́.

"Ó jẹ ẹ́ tán. Ó tún fi ọwọ́jà ti abọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, bíi pé mo jẹ ẹ́ lówó."

"Kò wò yíká? Kò wá mi?"

Bhagwanti wò ó lójú. Ó jọ pé ẹ̀fẹ̀ kan ti dé ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. "Mi ò kíyè sí i," ó ní.

Ó yẹ kí inú Latif dùn pé erin jẹun. Inú rẹ̀ kò dùn, ojú sì ń tì í pé kò dùn. Ó jókòó sórí àpótí, ó mu tíì tó ti tutù, ó sì ń bínú sí ẹnì kan tí kò mọ̀.

Nígbà tí oòrùn là, tí kùrukùru ká kúrò nílẹ̀, Bhagwanti na ara sórí àpò ìrẹsì, oorun sì gbé e lọ. Latif mú ìṣù ṣúgà pupa kan nínú ìkòkò ìpamọ́, irú èyí tí Chameli fẹ́ràn jù. Ó ti rò ó dé ibi tó ń lọ. Yóò gba inú oko ìrèké, yóò sá pamọ́ sétí ọgbà, yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí Chameli bá gbọ́, ohunkóhun tí ì báà máa ṣe, yóò fi sílẹ̀, yóò sì wá bá a. Kí Dókítà jókòó síbi tó bá wù ú kó máa wò ó. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ìfẹ́ tó tóbi tó báyìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pè ní ẹ̀rù.

Ewé ìrèké ń ha á lójú, ó ń fi ọwọ́ kan yà á. Ìgbà tó dé ìpẹ̀kun oko ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ kejì, tó mú ṣúgà dání, ẹ̀yìn rẹ̀ ló tún wà.

Ó wo ibi tí Chameli máa ń dúró sí. Kò sí níbẹ̀. Ó wo ìdí omi. Kò sí níbẹ̀. Ó wá wo ìdí òkìtì iyanrìn.

Erin rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ó na ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ gbalaja, ó gbé ẹ̀yìn ti òkìtì náà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀ sínú oòrùn. Ní sákọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Latif rí erin tó ṣe bẹ́ẹ̀: akọ erin kan tó dùbúlẹ̀ nígbà òjò, tó jẹ́ pé òkú rẹ̀ ni ẹ̀rọ agbérù wá gbé kúrò nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo àwọn olùtọ́jú erin ti gbà láàárín ara wọn pé erin tó bá dùbúlẹ̀ ti ń lọ nìyẹn. Mo kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ ní àárọ̀ kan, ó sì ti kú. Ohun tó sọ sí ara rẹ̀ nìyí. Ó la ẹnu láti ké orúkọ rẹ̀.

Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn kan. Ó wúwo, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ ẹní lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi ni. Ó wo ẹnu Chameli tó là sílẹ̀ díẹ̀, ó wo ikùn rẹ̀ tó ń ru sókè, tó ń wálẹ̀.

Ó ń hanrun.

Sundari, erin afọ́jú tó ti pẹ́ níbẹ̀ jù, dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń fẹ etí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kò kúrò níbẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì tí egbò wà, atẹ́gùn ló ń fẹ́ sí i, kò gbé nǹkan kan. Orí ọwọ́jà Chameli ń ta pútú nínú iyanrìn, bí ọmọ ìka ọmọ ọwọ́ tó ń lálàá.

Latif dúró, kò lè lọ, kò lè bọ̀. Láti ọdún tó ti mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ pé ó máa ń hanrun.

Orí koríko gbígbẹ, láàárín ẹsẹ̀ iwájú Chameli méjèèjì, ni òun máa ń tẹ́ ẹní sí lábẹ́ àgọ́. Ibẹ̀ ló ń sùn sí, tòun ti ìwọ̀ irin lábẹ́ ìrọ̀rí kí olè má baà gbé e. Bó bá jí lóru, òòró ni yóò bá a. Ó fi èyí yangàn fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fi yangàn fún ìyàwó rẹ̀ kó tó kú: Chameli kì í dùbúlẹ̀, ó ń ṣọ́ mi ni. Òótọ́ sì ni pé ó ń ṣọ́ ọ. Kí ló wá ń ṣọ́? Ṣé ìwọ̀ irin tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí? Àbí kó má baà yí lu ọkùnrin kékeré tó yan ibẹ̀ láàyò láti sùn? Ẹ̀rù ni, àbí àánú? Ó ń wá èyí tí yóò mú nínú méjèèjì, kò rí i mú, nítorí èyí tó wù kó jẹ́, òun náà ni kò jẹ́ kó sùn.

Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Òun sì ti ń rí tirẹ̀ fìrí ní gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Ó gbé itọ́ mì. Kò lọ. Ó já ìborùn lọ́rùn, ó ká a, ó sì kì í bọ ẹnu títí eyín fi pàdé lára irun àgùntàn. Àyà rẹ̀ ń fò sókè, omi dà lójú rẹ̀. Etí Chameli gbé sókè díẹ̀. Ìhanrun dúró. Latif ti ẹnu mọ́ ìborùn, ó ń bẹ Ọlọ́run rẹ̀ nínú bí kò ṣe bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti ń pọ̀kàkà ikú.

Etí náà rọra padà sílẹ̀. Ìhanrun tún bẹ̀rẹ̀, bí ẹní tí wọ́n ń wọ́.

Ó fi ẹ̀yìn rìn wọ inú ìrèké.

Bhagwanti ti jí, ó ń fọ ìkòkò nígbà tó dé. Ó rí ojú rẹ̀, ó rí ìborùn tó tutù rinrin lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ lọ síbẹ̀, àbí?"

"Ó sùn." Latif lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò náà. "Ó dùbúlẹ̀, ó sùn. Bá mi sọ fún Dókítà."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni kí n sọ pé ẹ wí?"

Latif wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ṣúgà ti yọ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó gbé ìyókù lé etí àwo, ó rọra sún un síwájú obìnrin náà.

"Fún un tó bá jí. Má sọ pé èmi ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni màá sọ ọ́ fún? Erin?"

Latif fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ló fẹ́ jáde. Ó tún fi ìborùn bo ẹnu.

"Ó ń hanrun, Bhagwanti," ó sọ ọ́ láti inú aṣọ. "Ó ń hanrun bíi bàbá mi."

Ó wá kọjá ilé ìdáná, ó kọjá ẹnu ọ̀nà ńlá, ó ń yára lẹ́bàá oko títí ó fi dé ojú títì tí bọ́ọ̀sì máa ń dúró sí, níbi tí ariwo ọkọ̀ ti pọ̀, ibẹ̀ ló sì ti lọ wúkọ́.