Ìràwọ̀ Ọwọ́ Òsì

Ní ṣọ́ọ̀bù tí bọ̀bọ́ yìí ti ń gẹrun, Àsọdùn ni gbogbo oníbàárà ń pè é. Bí òjò bá kán sí i lórí lẹ́ẹ̀mejì péré, á ní odò lòun wẹ̀ kọjá wá síbi iṣẹ́. Ó ti sọ fún bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn, ní àdúgbò tí kò tó ọgọ́rùn-ún ilé, pé orúkọ òun máa jáde nínú ìwé àwọn tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ lọ́dún yìí.

Ohun kan ṣoṣo ni kì í bù mọ́: ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Odindi ọdún méjì ló fi ń gun òrùlé pẹrẹsẹ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ télọ̀, bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Á na ẹ̀yìn sórí ẹní, á gbé orí lé ìdí táńkì omi, á gbé awò awọ̀nàjíjìn olójú méjì sójú. Ìràwọ̀ méjì ló ń wò, tí wọ́n dúró ti ara wọn bí ọmọ ìyá. Nínú àwòrán ojú ọ̀run tí àwọn tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ fún un, tọwọ́ ọ̀tún kì í yí padà. Tọwọ́ òsì ló ń ṣe bàìbàì, tó tún ń tàn padà. Á fojú wọn bí ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ tó, á kọ ọ́ bóyá òsì ni tàbí ọ̀tún, ó parí. Kì í wo èyí tó kọ lánàá, kó má baà tan ara rẹ̀ jẹ.

Lọ́jọ́rú, Tíṣà dé. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, òun ló sì ń gba àkọsílẹ̀ àwọn mẹ́wàá tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ náà jọ. Ó jókòó sí yàrá ìránṣọ ẹ̀gbọ́n Àsọdùn, ó ní tàwọn mẹ́sàn-án yòókù bára mu. Bí ìràwọ̀ bá ṣú fún gbogbo wọn, ṣe ló ń tàn fún Àsọdùn. Lọ́jọ́ Ẹtì lòun máa fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn tó ń tẹ ìwé náà, tiẹ̀ ò sì ní bá a lọ.

"Ọmọ mi, mi ò bá ẹ jà o. Àmọ́ ẹni tó lè wẹ odò wá síbi iṣẹ́, ṣé kò lè jókòó sílé kó máa dá ìràwọ̀ kọ?"

Àsọdùn fọwọ́ lé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò síbi tí mi ò tíì parọ́ dé. Àmọ́ mi ò pa á sínú ìwé yẹn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá máṣíìnì dúró. Ó ní kó dùbúlẹ̀, kó ṣe bó ṣe máa ń ṣe lórí òrùlé, káwọn rí i. Bọ̀bọ́ wa sùn gbalaja sáàárín ègé aṣọ, ó gbé àwòrán sókè ojú. Ẹ̀gbọ́n wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bíi pé ó fẹ́ wọ̀n ọ́n.

"Ìdí táńkì lo máa ń gbórí lé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Gúúsù ni táńkì wà. Wọ́n sì kọ àríwá sókè àwòrán ẹ, òsì ẹ̀ ti di ọ̀tún fún ẹ. Àbúrò, o ti gé iwájú aṣọ mọ́ ẹ̀yìn."

Tíṣà ṣí ìwé àkọsílẹ̀ náà. Ó mú bírò. Ibi tí Àsọdùn bá kọ òsì sí, ó kà á ní ọ̀tún. Ibi tó kọ ọ̀tún sí, ó kà á ní òsì. Ó yẹ alẹ́ mẹ́wàá wò, ó yẹ ogún, ó yẹ àádọ́ta. Wọ́n bá tàwọn yòókù mu rẹ́gí. Ó wá kan àwọn ọjọ́ tójú ọ̀run ṣú. Ní ibi mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Àsọdùn, ẹni tí kò sóhun tí ojú ẹ̀ ò rí rí láyé, ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé: "Mi ò rí nǹkan kan."

Tíṣà ka èyí lẹ́ẹ̀mejì, ó rọra pa ìwé náà dé, ó sì kì í sínú báàgì mọ́ tàwọn yòókù.

Nígbà tó di Sátidé, Àsọdùn ń gẹrun, ó sọ ọ́ fún ẹni tó wà lórí àga láìbu nǹkan kan mọ́ ọn: ọdún méjì lòun fi dorí àwòrán kodò, ìràwọ̀ tí kì í yí padà lòun sì ń ṣọ́ bóyá ó máa yí padà.

Ọkùnrin náà wò ó nínú dígí.

"Jọ̀ọ́, bá mi gẹ ẹ̀gbẹ́ etí. Ti odò yẹn tiẹ̀ ṣeé gbà gbọ́ ju èyí lọ."