Ọ̀wẹ̀ Ọdúntán Lábẹ́ Igi Obì

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọ̀lẹ nìkan ní í ba nǹkan jẹ́. Ọdúntán kì í ṣe ọ̀lẹ. Lọ́dún tí à ń wí yìí, nígbà tí òmìnira kò tíì dé, kò sí ọ̀dọ́kùnrin tó mọ ọkọ́ lò tó o ní gbogbo abúlé ẹ̀bá Iléṣà. Ìyẹn gan-an ló dá ẹkún sílẹ̀ fún Morónkẹ́, àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

Sẹ̀gilọlá, ìyá Morónkẹ́, ní ọgbà kan lẹ́yìn ilé, lábẹ́ àwọn igi obì tí oòrùn kì í ráyè wọ̀. Kì í ṣe ẹ̀fọ́ ló gbìn síbẹ̀, kì í ṣe ata. Ewéko etí odò ni, èyí tí kì í tanná tí kì í so, tí ọ̀mùnú rẹ̀ máa ń ká kò bí ìrù agẹmọ kó tó tú sílẹ̀. Ewé ibòòji ni wọ́n ń pè é nínú ilé náà. Ògúnlẹ́yẹ ọkọ rẹ̀ ló kó wọn wálé nígbà tó ń wa góòlù ní Ìpéríndó. Nígbàkígbà tó bá ń bọ̀, á fi ewé kókò tútù di ìdí kan lọ́wọ́. Ihò góòlù ya lù ú lọ́jọ́ kan, kò sì fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ ju Morónkẹ́ àti àwọn ewé yìí lọ.

Sẹ̀gilọlá ń kó èèpo kòkó tó ti jẹrà sí wọn nídìí, ó ń fi omi tó fi ṣan ẹ̀wà wọ́n wọn nírọ̀lẹ́, ó sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣọgbà yí wọn ká nítorí adìẹ. Àwọn aládùúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń bi í pé ìgbà wo ni yóò sè é lọ́bẹ̀. Á rẹ́rìn-ín. Bí ọyẹ́ bá mú, gbogbo rẹ̀ á pọ́n, á gbẹ, á wó lulẹ̀. Kò ní gé e, nítorí ewé gbígbẹ náà ló ń bo ìdí rẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, wọ́n á tún yọrí.

Sẹ̀gilọlá kò tíì gbà fún Ọdúntán. Ó ní ara ọmọ náà yá jù, kì í béèrè kó tó ṣe. Ọdúntán wá pinnu láti fi ọ̀wẹ̀ tù ú lójú, bí ọkùnrin tó fẹ́ gbéyàwó ti í ṣe, kó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ fún àna. Kò dé ẹ̀yìnkùlé náà rí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé obì wà níbẹ̀, àsìkò ọyẹ́ sì ni, ó yẹ kí wọ́n ro ìdí rẹ̀ kí iná má baà ràn án. Ó dúró di ọjọ́ tí ìyá gbé obì lọ sí Òṣogbo, kó lè dé bá iṣẹ́ ní píparí.

Morónkẹ́ ń gún iyán fún àwọn ọlọ́wẹ̀. Ó gbọ́ bí ọkọ́ wọn ṣe ń sún mọ́ ìdí obì. Ó yọjú, ó rí Ọdúntán tó wó ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú àgbẹ̀ ló fi wo ewé gbígbẹ wọ̀nyẹn, pàǹtí ló sì rí. Ọ̀rọ̀ dé Morónkẹ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìyàwó ojú ọ̀nà kì í jáde sáàárín ọlọ́wẹ̀ kó máa pàṣẹ fún ọkọ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn á fi kọrin títí dé oko. Ó tún rò ó pé bí wọ́n bá gé e, ṣebí yóò tún hù. Ó padà sídìí odó. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti Morónkẹ́ yìí, tìyá rẹ̀ ló bá a dákẹ́.

Ká ní ọ̀lẹ ló ń fẹ́ ẹ ni, ewé náà ìbá yè. Gígé lásán kì í pa á. Ọdúntán kò gé e, ó hú u. Ó walẹ̀ tẹ̀lé gbòǹgbò títí, ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó sun ún, ó sì gbá ibẹ̀ mọ́ féfé.

Nígbà tí Sẹ̀gilọlá dé, èéfín ṣì ń rú. Ó dúró pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo lórí. Ọdúntán dọ̀bálẹ̀, òógùn bò ó, ó ń retí ìyìn. Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Ùwọ wà núlé?”

“Mọ wà núlé, Yèyé.”

Ìyá yíjú sí àwọn ọlọ́wẹ̀. “Ẹ kú uṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Uṣẹ́ yín mọ́.” Ó bu iyán fún wọn fúnra rẹ̀, nítorí a kì í fi èébú san ọ̀wẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ó gbà pé kí Ọdúntán máa mú Morónkẹ́ lọ. Gbogbo ẹbí ní ọ̀wẹ̀ náà ló wú u lórí. Morónkẹ́ nìkan ló mọ̀ pé ó ti rẹ ìyá òun ni.

Ọdúntán ṣe ọkọ dáadáa, Morónkẹ́ kò sì jẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe pàǹtí ló sun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bó bá ń gún iyán, á máa gbọ́ ìró ọkọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Nígbà tí òjò fìdí múlẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí Ìpéríndó, ó hú ìdí kan tó tutù yọ̀yọ̀ létí odò, ó dì í sínú ewé kókò bí baba rẹ̀ ti máa ń ṣe, ó sì gbé e lọ fún ìyá rẹ̀. Iwájú ilé ló bá a, kì í jókòó lẹ́yìnkùlé mọ́. Morónkẹ́ kúnlẹ̀.

“Yèyé, ẹ dárí jì mí. Mọ gbọ́, mọ rí i, mọ dákẹ́.”

Ìyá gba ewé náà, ó tú u, ó fọwọ́ ra ọ̀mùnú rẹ̀. Ó fara balẹ̀ dì í padà, ó sì gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

“Mọ ti dárí jì ọ́. Gbé e lọ sí ulé ọkọ rẹ. Ùwọ lo ní ọkọ tó lè bá ọ gbìn ín.”

Kò sí ìbínú kankan nínú ohùn rẹ̀. Ìyẹn ló pa Morónkẹ́ lẹ́kún títí tó fi dé ìdíkọ̀.