Fèrè Iná Tí Kò Dún

Nígbà tí iná jó òkè Coldwater ní Kalifọ́níà níhìn-ín, fèrè ìkìlọ̀ kò dún. Ilé mọ́kànlá ló jóná. Verlin Haskett ni ìjọba ìbílẹ̀ fi ṣọ́ fèrè náà, gbogbo èèyàn bá di ẹ̀bi rù ú.

Ọ̀ràn náà dé iwájú àwọn mọ́kàndínlógún, àwọn ará ìlú tí kóòtù máa ń yàn lọ́dọọdún láti wádìí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ardith, ẹ̀gbọ́n Verlin, tó fi ọgbọ̀n ọdún se oúnjẹ iléèwé, wà lára wọn. Òfin wọn le: bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹbí ẹ, wàá jáde ni, ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, o ò gbọdọ̀ sọ ọ́ títí dọjọ́ ikú. Bí wọ́n bá ti dárúkọ fèrè báyìí, Ardith á kó òwú tó ń hun, á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday kan, Verlin wá jẹun lọ́dọ̀ ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Sìsítà, wọ́n pè mí lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fẹ́nì kankan, àmọ́ ṣebí ara wọn lẹ wà. Mi ò tilẹ̀ da ara mi láàmú. Ẹ ṣáà ti sọ fún wọn pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ lẹ́tà pé fèrè yẹn ti bàjẹ́. Orí tábìlì yìí náà ni mo ti kọ ọ́, ẹ̀yin lẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ pa."

Ó kù díẹ̀ kí Ardith pariwo pé, "Ìwọ ọ̀dẹ̀ yìí, mi ò sí níbẹ̀!" Ó gbé e mì.

"Jẹ ẹ̀wà ẹ."

"Àbí ẹ ò ní sọ fún wọn ni?"

"Verlin, ẹ̀wà ẹ ń tutù."

Verlin fi oúnjẹ sílẹ̀, ó bínú lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ardith lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Prather, alága wọn.

"Alága, mi ò lè bá yín jókòó lórí ọ̀ràn fèrè. Ṣé mo lè jókòó níwájú yín?"

Prather yọ awò ojú ẹ̀. "Bí ẹlẹ́rìí?"

"Bí ẹlẹ́rìí. Ẹ bi mí bí ẹ ṣe ń bi àlejò."

"Ẹ ò ní mọ ohun tí a fi ọ̀rọ̀ yín ṣe o."

"Ta ló ní òun fẹ́ mọ̀?"

Ó búra lẹ́ẹ̀kejì, lọ́tẹ̀ yìí bí ẹlẹ́rìí. Ó sọ ohun tó fojú rí: àpò lẹ́tà mẹ́ta tó fi ahọ́n ara ẹ̀ lẹ̀ pa. Ó ní kí wọ́n lọ wá wọn ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀.

Nígbà tí àbájáde ìwádìí wọn jáde ní oṣù kẹfà, inú ìwé ìròyìn ni Ardith ti kà á bíi gbogbo ayé. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀: òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ fèrè kọ lẹ́tà mẹ́ta, ọ́fíìsì ò ṣí ẹyọ kan.

Verlin gbé ìwé ìròyìn náà wá, ó jókòó sí àyè ẹ̀.

"Ẹ wò ó, Sìsítà! Ẹni tí mi ò mọ̀ rí ló gbà mí. Ẹ̀yin tí a jọ mu ọmú kan náà, òwú lẹ jókòó tí ẹ ń hun."

Ardith bu ẹ̀wà fún un, ó mú ẹran tó tóbi jù, ó fi lé e lórí.

"Jẹun," ló wí.