Èbù Husseini

Ọdún kẹrin nìyí tí Bassirath ń ru èbù iṣu ọkọ tí kò sí nílé lọ sí oko. Apẹ̀rẹ̀ wà lórí, ọrùn ń ro ó, Bàbá Daouda, baba ọkọ rẹ̀, sì ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ níwájú. Kí arúgbó yìí tó kọ ebè kan ṣoṣo fún ara rẹ̀ lọ́dọọdún, igba ebè ti Husseini ọmọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kọ. Ẹ̀yìn ń dùn ún, kí ni kò ní dùn ún? Àmọ́ ta ni yóò sọ fún un ní Manigri pé kó sinmi?

Husseini ló fi oko sílẹ̀, tó gba Kọtonú lọ, tó wọ ọkọ̀ ńlá tí ń fi àwọ̀n kó ẹja láàárín òkun. Ọmọ tí kò wẹ̀ nínú omi kan rí ju odò ẹ̀yìn oko lọ! Nígbà tó di oṣù kẹjọ tó ti lọ, àwọn ará ọkọ̀ náà pe ilé pé àwọn ò rí i mọ́. Lèmọ́mù fẹ́ kírun sí i lára, Bàbá Daouda yarí. Ó ní òun ń gbin iṣu fún ọmọ òun, kí ẹnikẹ́ni má bá òun pè é lókùú.

Bẹ́ẹ̀ ni Bassirath kò ṣe ìyàwó, kò ṣe opó. Kì í ṣe ọkọ mìíràn ló ń wá o. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun sunkún ọkọ òun ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè nígbà tí Rafiou, ará Pénéssoulou, bá wọn lóko. Òun àti Husseini ni wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà, àmọ́ láti ọjọ́ tí Husseini ti sọnù kò yọjú sí wọn rí. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀.

“Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mo rí i. Okùn àwọ̀n ló lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó fà á sínú omi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ojú yín ni mi ò lè wò.”

Bàbá Daouda bi í pé:

“Bèbè wo lẹ wá a sí?”

Ní tiwọn níbí, ẹni tí odò bá gbé, bèbè ni wọ́n ti ń rí i.

“Bàbá, kò sí bèbè níbẹ̀. Omi lọ́tùn-ún, omi lósì. A yípo di ọjọ́ kejì, ọ̀gá ọkọ̀ wá ní ká máa lọ, pé ẹja ti ń bàjẹ́.”

Arúgbó náà jókòó sórí ebè ọmọ rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí láyé.

“Bassirath, gbé èbù yẹn padà sílé.”

“Ṣé ọ̀la la máa gbìn ín, Bàbá?”

“Sè é. Kí wọ́n pe Lèmọ́mù. Kí wọ́n kírun sí ọmọ mi lára, kí wọ́n sì fi iṣu rẹ̀ ṣe sàráà.”

Bassirath wo èbù inú apẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ wo ló ń se èbù?

“Àwọn èbù tó kù nílé ńkọ́?”

“Gbogbo rẹ̀. Má dá ọ̀kan sí.”

Rafiou bá a gbé apẹ̀rẹ̀ náà rù. Kí Bassirath tó dé ilé àkọ́kọ́ ní Manigri, ó ti ń sunkún kíkan-kíkan láàárín ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó ní kó dákẹ́.