Ibi Tó Yẹ Kí Dúdú Wà

Nígbà tí Suqin kọ́kọ́ gun àkàbà níwájú gbọ̀ngàn àwọn baba ńlá ìdílé Zhan, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ìyàwó ilé ni, síbẹ̀ òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, nítorí kò sí ẹni tó mọ búrọ́ọ̀ṣì í dì mú bíi tirẹ̀ ní gbogbo abúlé Lingjiao. Àmì yin àti yang tó wà lókè ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà ti bó. Òjò ti fọ̀ ọ́ débi pé àwọn tó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ò lè sọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Àjọ̀dún Qingming sì ti ń bọ̀, àwọn ọmọ ìdílé tó wà ní ìlú ńlá máa wálé wá tọ́jú sàréè. Ojú á ti àwọn àgbà bí wọ́n bá bá ẹnu ọ̀nà wọn bẹ́ẹ̀.

Ó fa òbìrí, ó sì fi ìlà wíwọ́ pín in sí méjì bí ẹja méjì tó ń lé ara wọn. Ó kun apá òsì ní dúdú, ó kun apá ọ̀tún ní funfun, ó fi ojú funfun sínú dúdú, ó sì fi ojú dúdú sínú funfun. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nu ọwọ́ ni Bàbá Kaihong, olórí ìdílé, yọ pẹ̀lú ife tíì rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́. Ó mà dára o! Àmọ́ o ti kọ ọ́ sódì."

"Sódì báwo, Bàbá?"

"Apá ọ̀tún ni dúdú máa ń wà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, apá ọ̀tún ló wà."

Suqin tún gun àkàbà. Ó fi ọ̀bẹ ha gbogbo rẹ̀ kúrò, eruku ọ̀dà kó sí i lójú, ó wá tún un kọ. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, dúdú ti bọ́ sí apá ọ̀tún. Àfi bí Bàbá Jiliang, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Kaihong, ṣe dúró lábẹ́ àkàbà tó na ọ̀pá rẹ̀ sókè.

"Ta ló ní kó o kọ ọ́ báyìí? Funfun lókè, dúdú nísàlẹ̀! Yang ni ọ̀run, yin ni ilẹ̀. Yang ni ọkùnrin, yin ni obìnrin. Ìwọ náà ṣáà mọ ibi tí obìnrin ń gbé."

"Orí àkàbà ni mo ń gbé láti àná, Bàbá."

"Hẹn, ó ti mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ!"

Ariwo yẹn ni Bàbá Kaihong gbọ́ tó fi jáde.

"Jiliang, kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀? Ìwọ tó ò lè ya ẹyin!"

"Mi ò lè ya ẹyin, àmọ́ mo mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ìwọ ńkọ́, tó o wọ bàtà ìyàwó rẹ wá sípàdé?"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ títí wọ́n fi pè wọ́n wá jẹun. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí Suqin máa ṣe. Nígbà tó délé, ó rojọ́ fún Delin ọkọ rẹ̀, ẹni tó ń jẹ ọ̀mùnú ọparun tirẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Ṣáà kọ èyí tó bá wù wọ́n," ni Delin wí.

"Èwo ló wù wọ́n?"

"Bi wọ́n."

Suqin gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gun òkè lọ sí tẹ́ńpìlì láti bi àlùfáà Xun. Ó bá a níbi tó ti ń fọ ẹ̀fọ́ tó fẹ́ fi iyọ̀ pa mọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbẹ́ wo ló yẹ kí dúdú wà?"

"Wo òkè tó o gùn wá yìí," ni bàbá náà dáhùn. "Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń pa ni àwọn ará àtijọ́ ń pè ní yang. Ẹ̀gbẹ́ tí ibòji wà ni yin. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí àwọn ọlọ́gbọ́n tó wá di ọkùnrin, obìnrin, ọ̀run àti ilẹ̀ rù ú."

"Ó yé mi. Ẹ̀gbẹ́ wo wá ni?"

"Láàárọ̀ ni àbí ní ìrọ̀lẹ́?"

"Bàbá, ara ògiri ni mo ń kọ ọ́ sí. Ògiri kì í yí!"

Àlùfáà rẹ́rìn-ín títí omi fi ta sí i láyà. "Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ kí àwòrán tó dé. Èyí tí mo rí nínú ìwé àtijọ́ kò ní ẹja kankan. Òbìrí nínú òbìrí ni, ìlàjì dúdú, ìlàjì funfun. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹja méjì tó ń lé ara wọn yìí dé. Àwọn kan ní òjìji ọ̀pá ni wọ́n ń wọ̀n yípo ọdún tí wọ́n fi rí i. Àwọn kan ní ẹnì kan ló jókòó sínú ihò àpáta tó yà á. Ta ló wà níbẹ̀ nínú wa?"

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, èwo lẹ gbà gbọ́?"

"Èmi? Ẹ̀fọ́ ni mo ń fọ̀."

Suqin ń kùn bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Òsì, ọ̀tún, òkè tàbí ìsàlẹ̀, ọ̀kan péré ló wá gbọ́, bàbá yìí sì gbé odindi òkè lé e lórí.

Àwọn àgbà méjèèjì ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló wí?"

"Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀."

"Ó mọ̀," ni Jiliang wí. "Kò kàn fẹ́ dójú ti Kaihong ni."

Ohun tó ń hó nínú Suqin láti ọjọ́ yìí wá dà sílẹ̀. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ Bàbá Kaihong lọ́wọ́.

"Ẹ gùn ún, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ fi dúdú sí. Bàbá Jiliang, ẹ bá wọn di àkàbà mú."

Àwọn ará àdúgbò ti péjọ, Kaihong ò lè sọ pé òun ò lọ. Ó gùn ún. Ó fa ìlà, dúdú wú bí ẹlẹ́dẹ̀ tó lóyún, funfun sì rù hangogo. Ó nu dúdú díẹ̀, funfun bá wú. Ó tún ti funfun sẹ́yìn, dúdú tún gbòòrò.

"Kí lèyí? Tí mo bá tún ọ̀kan ṣe, èkejì á bàjẹ́!"

"Ìlà kan náà ni wọ́n jọ ní, Bàbá," ni Suqin wí látìsàlẹ̀. "Ẹ ò lè fọwọ́ kan ọ̀kan kí èkejì má mọ̀."

Jiliang bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kóun náà wá gùn ún, ló bá ní orúnkún ń dun òun. Kaihong sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dà kún irùngbọ̀n rẹ̀.

"Kọ ọ́ bó ṣe wù ẹ́. Mi ò fẹ́ rí i mọ́."

Suqin tún ha ògiri. Ó kọ ọ́ ní ìdagẹ̀rẹ̀, bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí lọ tí kò tíì dúró síbì kankan. Apá ń ro ó, inú rẹ̀ ò sì dùn sí i mọ́. Dúdú kán sínú funfun, ó fi etí aṣọ nù ún, ibẹ̀ ṣì rí bàìbàì.

Kò sẹ́ni tó kí i kú iṣẹ́. Àwọn àgbà ti kọjá síbi kìnnìún òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń jiyàn bóyá pupa ló yẹ kí ẹnu rẹ̀ jẹ́ àbí aláwọ̀ wúrà.

"Ìyàwó wa!" Bàbá Kaihong nahùn. "Ọ̀dà ṣì kù lọ́wọ́ rẹ?"

Suqin gbé àkàbà lé èjìká, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé.